Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: Ó Le Kú Nínú Ìwé àti Nínú Fíìmù

Ka àyọkà yìí dáadáa, kí o sì dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e.

Ìtàn kan náà lè wà nínú ìwé, kí ó sì tún wà nínú fíìmù. Ní ilẹ̀ Jàpáànù, wọ́n máa ń sọ ìtàn aláwòrán tí wọ́n ń pè ní mángà di fíìmù. Àwa Yorùbá náà ń sọ ìwé ìtàn wa di fíìmù. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ẹni tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì ti Ilé-Ifẹ̀, kọ ìwé ìtàn àròsọ kan tí ó pè ní Ó Le Kú. Ìwé náà jáde ní ọdún 1974. Ní ọdún 1997, Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù.

Ìtàn náà dá lórí Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí ó mú ìyàwó wá sílé. Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé ni àwọn ọmọbìnrin tí ó ń bá ṣọ̀rẹ́. Àjàní kò tètè pinnu, ọ̀ràn náà sì di iṣu ata yán-an-yàn-an.

Nínú ìwé, òǹkọ̀wé lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn Àjàní fún wa, kódà bí Àjàní kò bá la ẹnu. Nínú fíìmù, ojú, ohùn àti ìṣesí ni òṣèré fi ń sọ ọ́. Bí òǹkọ̀wé bá kọ ọ́ pé ọjà kún, ọmọ Ilé-Ogbó tí ó ń kà á yóò rí ọjà Ilé-Ogbó lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ Ìwó yóò rí ọjà Ìwó. Ṣùgbọ́n bí fíìmù bá fi ọjà hàn, ọjà kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo wa yóò rí.

Síbẹ̀, fíìmù ní agbára tirẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin inú Ó Le Kú wọ bùbá àti ìró kúkúrú ti àtijọ́. Aṣọ náà wu àwọn òǹwòran tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í rán irú rẹ̀. Orúkọ ìtàn náà ni wọ́n sì fi ń pe aṣọ náà. Ìwé náà ti wà fún ọdún 23, ṣùgbọ́n ìgbà tí ojú rí aṣọ náà ni ó tó gbòde.

Nítorí náà, má ṣe sọ pé fíìmù kan kò dára kìkì nítorí pé ó yàtọ̀ sí ìwé. Bi ara rẹ pé: Kí ni wọ́n yọ? Kí ni wọ́n fi kún un? Ṣé ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà ṣì wà níbẹ̀? Bí o bá sì wo fíìmù, wá ìwé rẹ̀ kà. Ẹni tí ó wo fíìmù nìkan ti rí ohun tí ẹlòmíràn rí nígbà tí ó ka ìwé; kò tíì rí tirẹ̀.

Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀
ìtàn àròsọ: ìtàn tí ènìyàn fi ọgbọ́n inú gbé kalẹ̀
iṣu ata yán-an-yàn-an: ọ̀ràn tí ó díjú
gbòde: di ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe

Ìbéèrè
1. Ọdún wo ni ìwé Ó Le Kú jáde?
2. Kí ni ìyá Àjàní ń fẹ́?
3. Báwo ni òṣèré ṣe ń sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wa?
4. Kí ló dé tí aṣọ náà kò fi gbòde kí fíìmù tó jáde?

Iṣẹ́ Ṣíṣe
Mú àlọ́ kan tí o mọ̀. Kọ ohun méjì tí ìwọ yóò yí padà bí o bá fẹ́ fi ṣe fíìmù, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.