Ìgbà wo ló yẹ ká já ọmọ ọ̀yà lẹ́nu ọmú, ìgbà wo ló sì yẹ kí abo rí akọ?

Láti ìgbà tí àwọn kan ti gbọ́ pé bàbá mi ń sin ọ̀yà lẹ́yìnkùlé wa, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Èló ni méjì, takọ-tabo? Mo fẹ́ fi san owó WAEC." Ó ti sú mi láti máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Ẹ jẹ́ ká mọ bí ẹranko yìí ṣe ń dàgbà ká tó mú owó jáde.

Ọ̀yà kì í ṣe eku gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ máa ń kà á mọ́ eku. Òòrẹ̀ ló bá tan jù. Ẹ wo eku funfun tí wọ́n ń lò fún ìwádìí ní yunifásítì: ọjọ́ 21 sí 23 péré ló fi ń lóyún. Ìhòòhò ni wọ́n ń bí ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ á dì pa. Síbẹ̀, tó bá ti pé ọjọ́ 21, wọ́n lè já a lẹ́nu ọmú. Òkété náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, oyún bí oṣù kan, ọmọ pípọ́n tí kò ríran. Ọ̀yà ńkọ́? Oyún tirẹ̀ tó ọjọ́ 152, oṣù márùn-ún gbáko! Ìdí nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ fi máa ń lajú, tó ti hu irun, tó sì ti hu eyín kó tó jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i náà ló ń sáré kiri. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wàá rí i tó ń gé eèsún jẹ.

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Wọ́n á rí ọmọ tó ń jẹ koríko, wọ́n á ní ó ti tó já. Rárá o. Kéèyàn jẹun yàtọ̀ sí kí oúnjẹ dà. Koríko le, ọ̀yà kò lè dá a lọ̀ nínú. Àwọn kòkòrò tí a kò lè fojú rí, tó wà nínú ìfun rẹ̀, ni wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́ yẹn. Wọn kì í bí wọn mọ́ ọmọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ ń kó wọn, pàápàá látinú ìgbẹ́ rírọ̀ ìyá rẹ̀ tó ń jẹ. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, àgbà ọ̀yà pàápàá ń jẹ ti ara rẹ̀.) Ní gbogbo àkókò yẹn, ọmú ló ń gbé e ró. Tí wọ́n bá já a ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru, tí kò bá sì kú, kò ní dàgbà dáadáa. Aládùúgbò wa kan ra mẹ́rin tí kò tíì pé oṣù kan nítorí pé ẹni tó tà á ń wá owó kíákíá. Ọ̀kan ló kù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni tiwa. Kò yẹ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìyá. Tí akọ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó bímọ, ó lè tún lóyún láìpẹ́, oyún nínú, ọmọ lẹ́nu ọmú, ara rẹ̀ á gbẹ. Lọ́jọ́ jíjá, ìyá ni bàbá mi máa ń gbé kúrò, wọ́n á fi àwọn ọmọ sílẹ̀ níbi tó ti mọ́ wọn lára. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ń yẹ abẹ́ wọn wò. Àlàfo tó wà láàárín ihò ìdí àti ojú ara akọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti abo. Kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta, takọ-tabo gbọ́dọ̀ ti pínyà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n á gun àbúrò.

Ó yá, abo ti ń tóbi. Ìgbà wo ló máa rí akọ? Ó lè lóyún kó tó pé oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n pé ó lè ṣe é kò ní kó yẹ. Ẹ rántí pé ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ eku kékeré. Ọ̀kan lè tó gíráàmù 120. Mẹ́rin ló sábà ń bí, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ààbọ̀ kílò nínú ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kò ju kílò kan lọ! Egungun ìdí rẹ̀ kò tíì gbòòrò tó. Oṣù méje ni bàbá mi ń dúró dè, kó sì ti wọn kílò kan àbọ̀ ó kéré tán. Akọ máa ń dàgbà jù ú lọ díẹ̀, látọ̀dọ̀ ìyá mìíràn, ọ̀kan sí abo mẹ́rin. Ẹ má fi àgbà akọ méjì sójú kan, wọ́n á bu ara wọn jẹ dójú ikú. Ohun kan tó ya tísà Bàọ́lọ́jì wa lẹ́nu nígbà tí mo sọ fún wọn ni pé ẹyin abo kì í jáde àfi tí akọ bá gùn ún. Nítorí náà, kò sí pé à ń ka ọjọ́ ẹ̀gùn bíi ti màlúù. À ń fi wọ́n síbì kan náà ni.

Ó wá ku ìṣirò. Ká ní o ra abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú lónìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Oṣù márùn-ún àbọ̀ ni wàá fi dúró kó tó pé méje. Oyún, oṣù márùn-ún. Kí ọmọ tó já, oṣù kan àbọ̀. Ẹ rò ó pọ̀: oṣù 12. Ẹ̀yin SS2 tí ẹ fẹ́ fi san WAEC, ọjọ́ ìsanwó á ti kọjá kí ọmọ àkọ́kọ́ tó ṣeé tà. Ẹ̀yin JSS3 ni mo lè bá dúnàádúrà.

Ẹni tó bá sì ti ra takọ-tabo látinú ìyá kan náà níbòmíràn, kó má tíì pa akọ jẹ. Kó gbé e wá ní Sátidé nínú páálí tó ní ihò, má fi ìrù gbé e o, ìrù rẹ̀ máa ń já. Màá bá a bẹ bàbá mi kí wọ́n fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀ fún un.