Àkànní, Yọ Nǹkan Yẹn Létí

Àkànní! Ọmọ yìí, mo ti ń pè ọ́ tipẹ́, bẹ́ẹ̀ orí àga kan náà la jọ jókòó sí. Yọ íápíìsì yẹn létí. Yọ méjèèjì, mi ò ní kó o yọ ọ̀kan. Èmi tí mi ò ki nǹkan kan bọ etí ń gbọ́ orin rẹ láti ibi tí mo wà yìí. Bí èyí tó jò síta bá pọ̀ tó báyìí, báwo ni èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún ṣe máa tó?

O ní orin kì í dùn àfi bó o bá yí i sókè. O ò purọ́. Lọ́dún 1933, Harvey Fletcher àti Wilden Munson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, gbé ohùn oríṣiríṣi sí etí àwọn èèyàn, wọ́n ní kí wọ́n sọ ìgbà tí ohùn méjì bá dọ́gba létí wọn. Wọ́n rí i pé etí ń ṣe ojúsàájú. Ohùn tó wà láàárín 2000 sí 5000 Hertz, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ló máa ń tètè gbọ́ jù. Béèsì ni kì í fẹ́ kà sí, pàápàá bí orin bá rọlẹ̀. Bí ohùn 1000 Hertz bá wà ní 40 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n fi ń wọn agbára ohùn, ohùn ilẹ̀ ti 100 Hertz ní láti kọjá 60 kó tó bá a dọ́gba létí rẹ. Bó o bá wá yí gbogbo rẹ̀ sókè, àlàfo yẹn á dín kù, béèsì á jáde, ara rẹ á yá gágá. Ohun tó ń tàn ọ́ nìyẹn. Béèsì lò ń wá, ariwo lo fi ń rà á! Ẹ̀rọ orin ńlá tí ọkọ mi fi sílẹ̀ ní bọ́tìnì kékeré kan tó wà fún un: bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ orin jẹ́jẹ́ lálẹ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, béèsì á dìde, ọmọ ọwọ́ kò sì ní jí. Irú rẹ̀ wà nínú fóònù rẹ. Wá a nínú sẹ́tíǹgì.

Ṣé o rántí onílù tó kí bàbá rẹ níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ? Bó bá fi apá fún ọṣán ìyáàlù mọ́ ìhà, awọ á le, á máa gbọ̀n léraléra, ohùn á gòkè. Bó bá dẹ apá, ohùn á wálẹ̀. Bó ṣe wá fi kọ̀ǹgọ́ lù ú sí, líle tàbí jẹ́jẹ́, ìyẹn ló ń mú un pariwo. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ apá, ọ̀tọ̀ ni ti kọ̀ǹgọ́. Ó tẹ̀ sí etí bàbá rẹ, ó rọra ń lù ú, gbogbo oríkì ilé yín ló sì yé wa níbi tá a dúró sí. Kò sí ẹni tó ní kó pariwo.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí wá kàn mí gbọ̀ngbọ̀n ni ti Bàbá àgbà. Kó o lè mọ ohun tó ṣe etí wọn, gbọ́: inú etí lọ́hùn-ún, nǹkan kan wà tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Georg von Békésy, ọmọ ilẹ̀ Hungary, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1961 nítorí pé ó fi bí ohùn ṣe ń rìn nínú rẹ̀ hàn wá: ohùn tín-ín-rín ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ohùn ilẹ̀ ń wọnú lọ. Sẹ́ẹ̀lì onírun tín-tìn-tín ló ń gbọ́ wọn, irú wọn bí 15,000 ló wà nínú etí kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá sì ti kú kì í hù mọ́. Àwọn tẹnu ọ̀nà ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Bàbá fi ìgbà èwe wọn la pákó nídìí ẹ̀rọ. Ní báyìí, wọ́n ń gbọ́ wa, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ kò ṣòro fún wọn, nítorí apá ilẹ̀ ni ìyẹn wà. Àmọ́ “f”, “s” àti “ṣ” ti sá mọ́ wọn létí. Ìyá rẹ ní kí wọ́n bá òun ṣọ́ ìkòkò orí iná, wọ́n ní kí ló dé tí àwọn á fi fọ́ ọ. Ẹ̀yin ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo ojú wọn. Bá a bá sì pariwo mọ́ wọn, fáwẹ̀lì nìkan là ń gbé sókè, “ṣ” kò yé wọn síbẹ̀.

Má sì sọ fún mi pé tìrẹ kò tíì pọ̀ jù. Etí kì í jábọ̀ ariwo bó ṣe tó. Bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10 bá lé sí i, agbára ohùn ti di ìlọ́po mẹ́wàá, etí á ní bí ìlọ́po méjì ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èèyàn lè gbọ́ 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bó bá di 90, wákàtí 4 péré. Lọ́sẹ̀ o, Àkànní! Ìwọ tó ò ń lo ju ìyẹn lọ nínú dáńfó láàárín ọjọ́ méjì, tó o tún ń yí i sókè kó lè borí ariwo ẹ́ńjìnnì, tó o bá délé, jẹnẹrétọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀, wàá tún yí i. Nínú ọkọ̀, pa á. Bí etí rẹ bá ń hó lẹ́yìn tó o yọ ọ́, o ti kọjá àyè rẹ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ìwọ àti Bàbá àgbà lẹ jọ máa lọ sí ọsibítù kí dókítà etí yẹ yín wò. Mo ti tọ́jú owó rẹ̀. Má sọ fún mi pé ọwọ́ rẹ dí.