Kí Ẹ̀wà Rọ̀ Ná

Ẹ̀yin ọmọ tó fẹ́ gbé ẹ̀wà rírò kaná fún ìgbà àkọ́kọ́, iṣẹ́ méjì ló wà nínú oúnjẹ yìí: sísè ni èkínní, rírò ni ìkejì. Ohun tó ń ba ìkòkò ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ jẹ́ kì í ṣe àìní èèlò. Wọ́n ra ata, wọ́n ra epo, wọ́n ra edé tó dára. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kejì kí èkínní tó parí ni. Bí wọ́n bá ti rí i tí ẹ̀wà ń hó kùtùkùtù, wọ́n á da ata tútù lé e lórí, wọ́n á ní yóò máa rọ̀ lọ nínú ata. Kì í rọ̀ bọ̀rọ̀. Àlùbọ́sà á ti yọ́ tán, epo á ti léfòó, ẹ̀wà á ṣì máa le lẹ́nu. Òwe tó ní ohun tí a bá fagbára mú níí le koko, àfi bí ẹni pé inú ìkòkò ẹ̀wà ni wọ́n ti rí i.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ohun kan wà lára ẹ̀wà tó so ó pọ̀ bí àtè, omi gbígbóná ló sì ń tú u díẹ̀díẹ̀. Kíkan ata tútù, pàápàá bí tòmátò bá wà nínú rẹ̀, kì í jẹ́ kó tú. Kánún ní tiẹ̀ jẹ́ òdìkejì kíkan, òun ló fi ń mú ẹ̀wà rọ̀ kíá. Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ̀rí tí ojú lè rí, ẹ wo ẹ̀wà àgànyìn, oúnjẹ tó ń jẹ́ orúkọ tí àwọn ará Èkó fi ń pe àwọn tó wá láti apá Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Ìkòkò ẹ̀wà ọ̀tọ̀, ìkòkò ata ọ̀tọ̀. Wọ́n á se ẹ̀wà títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹ̀kọ, wọ́n á din ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà nínú epo pupa títí á fi dúdú, inú àwo sì ni méjèèjì ti ń pàdé. Ó ṣòro kí ẹ rí ẹ̀wà tó rọ̀ jù ú lọ.

Ẹlòmíràn á béèrè pé nígbà tí gáàsì ti wọ́n báyìí, kí ló dé tí a ò kúkú fi kánún sí i. Kánún ń ṣiṣẹ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́, bó bá sì pọ̀ jù pẹ́nrẹ́n, adùn ẹ̀wà á yí padà, kò sí èèlò tó lè tún un ṣe mọ́. Ẹ kúkú rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kí ẹ da omi náà nù; iná tí yóò jẹ á dín kù, díẹ̀ nínú ohun tó ń mú ikùn wú á sì bá omi lọ. Òótọ́ ni àwọn tó ní rírẹ ń fọ adùn lọ ń sọ, nítorí náà n kì í gbani níyànjú láti rẹ ẹ̀wà olóyin, tó dùn tó sì ń tètè rọ̀. Ẹ̀wà funfun ni kí ẹ rẹ. Ìkòkò tó ń há ooru mọ́nú náà dára, fún iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìkan.

Àmọ́ ọjà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àpò, tí ooru ti mú, á le débi pé sísè lásán kò ní ran án mọ́. Ẹ wo ara hóró rẹ̀ bóyá kòkòrò ti lu ú, ẹ bi oníṣòwò bóyá tuntun ni, ẹ má sì gbà kó po ti ọdún tó kọjá mọ́ ti ọdún yìí fún yín, torí wọn kì í rọ̀ pọ̀. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín, ẹni tó bá ń ta ojúlówó ọjà kì í bínú sí i.

Bí ẹ bá ti ṣa ife ẹ̀wà 2, tí ẹ fọ̀ ọ́, kí omi fi ìka méjì bò ó mọ́lẹ̀. Bí omi bá ń gbẹ, omi gbígbóná ni kí ẹ fi kún un, kí ìkòkò má baà tutù. Olóyin lè gbà tó wákàtí kan, funfun lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé aago. Ẹ mú hóró 5 láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá tẹ̀ wọ́n. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá le, ẹ dá a padà sórí iná. Iyọ̀ pàápàá, ẹ jẹ́ kó dúró: omi ẹ̀wà ń gbẹ lọ ni, iyọ̀ tó mọ níwọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ á ti pọ̀ jù ní ìparí.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó din tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà nínú epo pupa títí kíkan rẹ̀ á fi lọ. Ẹ dà á sí ẹ̀wà pẹ̀lú edé, ẹja gbígbẹ àti iyọ̀, ẹ dín iná kù, kí ẹ fi orógùn fọ́ díẹ̀ nínú hóró náà kó lè ki. Ẹ máa rò ó láti ìsàlẹ̀, torí ẹ̀wà tó ti fọ́ ń tètè jó, bó bá sì jó, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ìkòkò. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì ṣàn díẹ̀, nítorí bó bá ṣe ń tutù ni yóò máa ki sí i.