Nọ́ńbà Tó Wà Nídìí Ọta

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Tí ẹ bá dojú ọta ìbọn ráífù dé, ẹ ó rí i pé ìdí rẹ̀ rí roboto bíi kọ́bọ̀ àtijọ́. Wọ́n fín lẹ́tà àti nọ́ńbà sí i yíká. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Orúkọ ọta náà ni, òun ló sì ń sọ irú ìbọn tó lè yìn ín.

Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tù ni wọ́n ń rọ sí i lẹ́nu, wọ́n á kì í, wọ́n á da ọta lé e. Ìbọn náà kì í lọ jìnnà, nítorí náà ọdẹ ló gbọ́dọ̀ yọ́ sún mọ́ ẹran. Ọ̀rọ̀ tòní jìnnà sílé. Orí òkè Colorado, Wyoming àti Montana ní Amẹ́ríkà ló ti ń ṣẹlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ṣí gbayawu, tí ojú sì ń ríran jìnnà. Ẹran ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní elk. Ìbátan àgbọ̀nrín ni, ṣùgbọ́n akọ rẹ̀ lè wọn ju 300 kílò lọ. Ó lè dúró lódìkejì àfonífojì ní 400 yáàdì. Ẹ to pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta tẹ̀ léra, ibẹ̀ ṣì jìnnà jù ú lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdẹ ibẹ̀ ń ra ìbọn wọn nísọ̀. Àwọn kan máa ń gbé iṣẹ́ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn pé kó ṣe èyí tó bá wọn lára mu, bí ẹni gbé aṣọ fún télọ̀. Ohun tí alágbẹ̀dẹ á kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: kálíbà wo?

Kálíbà ni fífẹ̀ ihò ọ̀pá ìbọn. Tí wọ́n bá ní .308, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé tí a bá pín íǹṣì kan sí ọ̀nà 1,000, ọta náà fẹ̀ tó 308 nínú rẹ̀. Kò tó mìlímítà 8.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yìí máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ wo .308 Winchester, .30-06 Springfield àti .300 Winchester Magnum. Orúkọ wọn yàtọ̀, àmọ́ ọta tó ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn fẹ̀ bákan náà: .308. Agolo idẹ tó gbé ẹ̀tù ló yàtọ̀. Ti àkọ́kọ́ gùn tó mìlímítà 51, ti èkejì 63, ti ẹ̀kẹta 67. Agolo tó tóbi ń gba ẹ̀tù púpọ̀, ọta rẹ̀ á sì sáré jù. "06" inú .30-06 kì í tilẹ̀ ṣe ìwọ̀n rárá. Ọdún 1906 ni, ọdún tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gba ọta náà wọlé. Ti .270 Winchester, tó jáde ní 1925, tún burú sí i: ọta rẹ̀ fẹ̀ tó .277. Ẹ má bi mí pé kí ló dé.

Kí ló wá yẹ kí ọdẹ wò? Ilẹ̀ àti atẹ́gùn ni. Bí ọta ṣe ń kúrò lẹ́nu ìbọn ló ti ń bọ́ sílẹ̀. Ká ní ẹ tún awò ìbọn .308 ṣe, tí ọta ń bá ohun tí ẹ wò gẹ́lẹ́ ní 200 yáàdì. Tí ẹ bá fi awò kan náà wo ẹran tó wà ní 500 yáàdì, ọta á balẹ̀ ju mítà kan lọ sísàlẹ̀ ibi tí ẹ wò. Ìyẹn ṣì sàn, torí èèyàn lè ṣírò rẹ̀ kó tó kúrò nílé. Atẹ́gùn ò ṣeé ṣírò bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn tó ń sáré máìlì 10 ní wákàtí kan kò ju èyí tó ń mi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tó bá fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, yóò ti ọta .308 yà tó ìdajì mítà kí ó tó dé 500 yáàdì. Ọta tí ẹ yìn sí ẹ̀dọ̀fóró lè bá ikùn. Ẹran á sá lọ tòun ti ọgbẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní jẹ ẹ́.

Ohun tó gbé 6.5 Creedmoor níyì nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Hornady ló gbé e jáde ní 2007. Ọta rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, atẹ́gùn ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí i tì. Àmọ́ ọta gígùn ń fẹ́ kí ihò ọ̀pá ìbọn yí i kíkankíkan kó má baà ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n. Fún 6.5 yìí, ìlà inú ọ̀pá tó ń yí ọta á yí ká lẹ́ẹ̀kan láàárín íǹṣì 8. Ẹni tó ń ṣe ìbọn àkànṣe gbọ́dọ̀ sọ ọta tó fẹ́ lò kí wọ́n tó gé ọ̀pá.

Ẹran náà ṣe pàtàkì nínú yíyan ọta. Òfin Colorado ní ọta elk kò gbọdọ̀ kéré sí kálíbà .24, kò sì gbọdọ̀ fúyẹ́ ju 85 grain lọ. Ìwọ̀n kékeré ni grain: 7,000 rẹ̀ ló di pọ́ùn kan.

Èjìká ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. .300 Winchester Magnum ń gbá èjìká tó ìlọ́po méjì 6.5 Creedmoor. Àwọn ọdẹ máa ń dán ara wọn wò báyìí: ọ̀rẹ́ á bá ọ ki ìbọn níkọ̀kọ̀, á sì fi ọta aláìlẹ́tù sáàárín àwọn tó lè dún. O ò mọ èyí tó kàn. O fà á, ìbọn ò dún, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn rí i bí ẹnu ìbọn ṣe tẹrí ba, tí ìwọ náà sì di ojú pinpin. Àṣírí ìbẹ̀rù ti tú. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò nílò Magnum kankan.

Èrò tèmi nìyí. Fún àgbọ̀nrín, 6.5 Creedmoor tó. Fún elk, .30-06 tàbí 7mm Remington Magnum, tó ti wà láti 1962. Ọta .30-06 kò sì ṣòro rí rà kódà nísọ̀ ìlú kékeré. Ní ti yíyin ẹran láti ọ̀nà jíjìn réré, ẹgbẹ́ ọdẹ Boone and Crockett, tí Theodore Roosevelt dá sílẹ̀ ní 1887, ti sọ pé ìrẹ́jẹ ni, torí ẹran ò lè gbóòórùn ọdẹ, kò sì lè gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ìbọn náà lé yín lọ́wọ́, wọ́n á ti fín orúkọ ọta rẹ̀ sára ọ̀pá. Ẹ kà á. Ẹ dojú ọta dé, kí ẹ ka ìdí òun náà. Ọta .308 kúrú, ó lè wọ inú ìbọn .30-06, ṣùgbọ́n tí ẹ bá yìn ín, agolo rẹ̀ lè bẹ́ síbẹ̀. Tí orúkọ ọta tí ẹ kà níbi méjèèjì ò bá bára mu, ẹ má ki ìbọn náà.