Ẹ̀KỌ́ KẸJÌLÁ: BÍ AC ỌKỌ̀ KÒ BÁ TUTÙ MỌ́

Ẹ̀kọ́ òní wà fún ẹni tó ń wa ọkọ̀, àti fún ẹni tó ní ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń bá a wà. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ tutù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní AC. A fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. A fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ lè yẹ̀ wò fúnra yín nílé, kí ẹ sì mọ ibi tó yẹ kí ẹ dúró.

Àwa kì í ṣe mẹkáníìkì. Olùkọ́ ni wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ló mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí.

OWÓ TÍ A NÁ LÁSÁN

Ọkọ̀ àtijọ́ kan wà tí a fi ń lọ láti kíláàsì kan sí èkejì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, AC rẹ̀ kò tutù mọ́. A gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún AC ṣe. Ó ní, "Bàbá, gáàsì ló tán." Ó rọ gáàsì sí i, a sanwó, ọkọ̀ sì tutù nini. Kò pé oṣù méjì, ooru padà dé. A tún lọ. Ó tún ní gáàsì ló tán. A tún sanwó. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, owó tí a yà sọ́tọ̀ láti fi ra ṣọ́ọ̀kì àti ìwé fún kíláàsì ló kù tí a lè ná.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọkùnrin kan tó ń wa takisí, ní kí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò tíì pé ọdún kan tó bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà. Ó nawọ́ sí bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì kà á díẹ̀díẹ̀: "R, 1, 3, 4, a." Lẹ́yìn náà, ó ka iye gáàsì tó yẹ kó wà nínú AC náà. Ó yíjú sí wa, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé wọ́n sọ iye tí wọ́n rọ sí i fún yín?"

A ò rí èsì fọ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìwé, ṣùgbọ́n a kò ka bébà yẹn rí.

Ó tún béèrè pé, "Ọ̀gá, ibo ni gáàsì náà ń gbà jáde?" A kò béèrè ìyẹn náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè kejì yìí ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ òní. Gáàsì AC kò dà bíi bẹntiróòlù. Ọkọ̀ ń jó bẹntiróòlù, ìdí nìyẹn tó fi ń tán. Ṣùgbọ́n inú páìpù tó dí pinpin ni gáàsì AC ti ń yí po. AC kì í jẹ ẹ́. Òótọ́ ni pé ó lè dín díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n èyí tó tán láàárín oṣù méjì, ó ń jò níbì kan ni. Ẹni tó ń rọ gáàsì sínú AC tó ń jò, omi ló ń pọn sínú apẹ̀rẹ̀.

BÍ AC ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gba abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì fi òwú tó ti fi spírítì rin nu apá yín. Kí ni ẹ mọ̀ lára? Òtútù ni. Spírítì náà ń gbẹ, bó sì ti ń gbẹ, ó ń gba ooru lára yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi inú àmù ṣe ń tutù. Omi díẹ̀ ń rú jáde lára àmù, ó ń gbẹ, ó sì ń kó ooru lọ. Ohun tó jẹ́ omi, nígbà tó bá ń di oru, a máa gba ooru lọ́wọ́ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí èyí ni AC dúró lé.

Ibi mẹ́rin ni gáàsì ń gbà kọjá:

1. Kọ̀mpírẹ́sọ̀. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì ló sì ń yí i. Òun ló ń fún gáàsì pọ̀, tí gáàsì fi ń gbóná gan-an.

2. Kọ̀ndẹ́ńsọ̀. Ó rí bíi rédíétọ̀, iwájú rédíétọ̀ ló sì wà. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, gáàsì inú rẹ̀ ń tú ooru sílẹ̀, ó sì ń di omi.

3. Fáàfù. Ihò tóóró kan ni. Bí gáàsì tó ti di omi bá gba ibẹ̀ kọjá, ìfúnpọ̀ rẹ̀ á tú, á sì tutù lójijì.

4. Ìfápórétọ̀. Ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló fara pamọ́ sí. Ibẹ̀ ni gáàsì ti ń padà di oru, tó sì ń gba ooru inú ọkọ̀. Fáànù kan ń fẹ́ atẹ́gùn kọjá lára rẹ̀. Atẹ́gùn yìí ló ń fẹ́ sí yín lára.

Lẹ́yìn èyí, gáàsì padà sí kọ̀mpírẹ́sọ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? AC kò dá òtútù sílẹ̀. Ooru ló ń kó jáde, bí apẹja ṣe ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi.

Bí ẹ bá rí omi tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí AC ń ṣiṣẹ́, ẹ má fòyà. Bí ìgò omi tútù ṣe ń làágùn náà ni.

OHUN TÍ Ẹ LÈ YẸ̀ WÒ NÍLÉ

Ìta gbangba ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sí, kì í ṣe inú gáréèjì tí a tì pa, nítorí èéfín ọkọ̀ a máa pa ènìyàn. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Ẹ má sì wọ agbádá lọ sí ìdí ẹ́ńjìnnì, kí bẹ́líìtì má baà fà yín.

Èkíní: Ṣé atẹ́gùn ń jáde?
Ẹ tan AC, kí ẹ sì gbé fáànù rẹ̀ sókè pátápátá. Bí atẹ́gùn kò bá jáde rárá, ẹ wo fíúsì. Bó bá ti jó, ẹ ra òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ara fíúsì ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà náà sí. Ẹ má fi wáyà rọ́pò fíúsì láéláé, iná lè gba ọkọ̀. Bí fíúsì tuntun bá tún jó, iṣẹ́ rìwáyà nìyẹn. Bí atẹ́gùn bá ń jáde ṣùgbọ́n tí kò lágbára, ó lè jẹ́ fílítà ló dí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yìn àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó jókòó ti awakọ̀ ni fílítà yìí wà. Bí eruku bá ti di ojú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Èkejì: Ṣé kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́?
Ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kí ẹnì kan tan AC. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ óò gbọ́ "kọ́!" lẹ́ẹ̀kan, irin pẹlẹbẹ tó wà lójú kọ̀mpírẹ́sọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí yí. Bí irin náà kò bá yí, ó lè jẹ́ fíúsì, ó lè jẹ́ wáyà, ó sì lè jẹ́ pé gáàsì ti lọ sílẹ̀ jù. Bí gáàsì bá lọ sílẹ̀ jù, suwíìsì kan wà tó máa ń dá kọ̀mpírẹ́sọ̀ dúró kó má baà bàjẹ́. Ẹ má fi wáyà fo suwíìsì yìí. Ààbò ló wà fún. Àwọn ọkọ̀ tuntun mìíràn wà tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ wọn kì í dún báyìí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ tiwọn wò.

Ẹ̀kẹta: Ṣé ó ń tutù lójú ọ̀nà, tó sì ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ?
Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wo fáànù iwájú. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ń fẹ́ sí kọ̀ndẹ́ńsọ̀. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ó lè jẹ́ pé fáànù kò yí mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ewé, kòkòrò àti ẹrẹ̀ ti bo kọ̀ndẹ́ńsọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá fi omi ṣàn án jẹ́jẹ́. Ẹ má lo omi alágbára tí àwọn afọkọ̀ ń lò, á tẹ ojú irin rẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ṣé ọ́ìlì wà lára páìpù AC?
Ọ́ìlì kan ń bá gáàsì rìn nínú páìpù. Níbi tí gáàsì bá ti ń jò, ọ́ìlì náà ń jáde, eruku sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sí gbogbo oríkèé páìpù. Níbi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò. Bí kò bá hó, ẹ má tíì sọ pé kò jò. Ihò kékeré wà tí ọṣẹ kò lè fi hàn.

IBI TÓ YẸ KÍ Ẹ DÚRÓ

Ẹ má tú nọ́ọ̀tì páìpù AC fúnra yín. Omi ń di yìnyín ní òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n gáàsì R134a ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 26 sísàlẹ̀ òdo. Bó bá tú sí ojú, ó lè fọ́ ojú. Bó bá kan ara, ó lè ba awọ ara jẹ́ bí iná. Ẹ má gbé iná dé ibi tó ti ń jò, nítorí iná ń sọ ọ́ di èéfín olóró.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ gáàsì ìdáná sínú AC yín nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Ó lè tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá jò sínú ọkọ̀, ìṣáná kan ti tó.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA FÚN ẸNI TÓ Ń TÚN AC ṢE

1. "Ibo ló ti ń jò?" Ẹ má sanwó gáàsì kí wọ́n tó dí ibẹ̀.

2. "Ṣé ẹ ó fi ẹ̀rọ fa atẹ́gùn àti omi inú páìpù jáde kí ẹ tó rọ gáàsì?" Bí ìwọ̀nyí bá kù sínú rẹ̀, AC kò ní tutù dáadáa, kọ̀mpírẹ́sọ̀ sì lè bàjẹ́.

3. "Gáàsì wo ni, gíráàmù mélòó sì ni?" Ìdáhùn gbọ́dọ̀ bá bébà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mu. Bí gáàsì bá pọ̀ jù, kì í tutù sí i. Ńṣe ló ń ṣe AC ní jàǹbá.

Ọkọ̀ àtijọ́, tí wọ́n ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 1992, sábà máa ń lo R12. Gáàsì yìí ń ba ààbò ojú sánmà tó ń dín oró oòrùn kù jẹ́. Ní ọdún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ní ìlú Montreal ní Kánádà láti dín irú gáàsì bẹ́ẹ̀ kù. Nítorí náà ni R134a fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ń lo R1234yf báyìí. Ẹ má pò wọ́n pọ̀.

BÍ Ọ̀RỌ̀ WA ṢE PARÍ

A pa omi ọṣẹ sára páìpù ọkọ̀ wa. Oríkèé kan hó yaaya. Róbà kékeré kan tí kò ju òrùka lọ ló ti gbó. A lọ bá ẹlòmíràn, a sì bi í ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó pààrọ̀ róbà náà, ó fa páìpù gbẹ, ó wọn gáàsì lórí ìwọ̀n lójú wa. Ẹ̀ẹ̀rùn kejì rèé, ọkọ̀ ṣì ń tutù. A ra ṣọ́ọ̀kì, a ra ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ ọjọ́ náà, irú gáàsì náà àti iye rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Ìwé náà wà nínú ọkọ̀ wa dòní.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kàwé kó tó béèrè, wọn kì í rí i rẹ́ jẹ.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí gáàsì AC kò fi yẹ kó tán bíi bẹntiróòlù?
2. Kí ni spírítì abẹ́rẹ́ fi jọ AC?
3. Kí ni ọ́ìlì àti eruku lára oríkèé páìpù ń sọ fún wa?
4. Ohun méjì wo ni kò yẹ kí ẹ fi wáyà ṣe?

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Ẹ wá ọkọ̀ kan ní àdúgbò yín. Ẹ bẹ ẹni tó ni ín kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ka bébà AC abẹ́ rẹ̀ sókè fún un, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ kà sínú ìwé yín. A óò kà á pọ̀ ní kíláàsì tó ń bọ̀.