Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Bí Gbẹ́nàgbẹ́nà Ṣe Ń Rí Igi Tútù Lọ́fẹ̀ẹ́

Ka àyọkà yìí dáadáa, kí o sì dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìparí rẹ̀.

Wo àyíká rẹ. Odó tí a fi ń gún iyán, ọpọ́n ayò tí àwọn bàbá ń ta lábẹ́ igi, ìlù dùndún tí ń sọ̀rọ̀ níbi ìnáwó, òpó tí a fín sí ààfin ọba: igi ni gbogbo wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó gbẹ́ wọn. Ǹjẹ́ o ti bi ara rẹ léèrè rí pé níbo ni ó ti ń rí igi? Kì í ṣe gbogbo igi ni ó ń fi owó rà.

Kí ló dé tí ó fi ń wá igi tútù?

Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kún fún omi. Omi yìí ni ó ń mú kí ó rọ̀ lábẹ́ àáké àti ọ̀bẹ. Bí igi bá gbẹ tán, yóò le, yóò sì máa mú kí ẹnu irin kú. Nítorí náà, nígbà tí igi ṣì tutù ni agbẹ́gilére ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀nà mẹ́rin ni a pín iṣẹ́ rẹ̀ sí. Èkíní ni ọnà lílé. Àáké ni ó fi ń ṣe é, kí a lè mọ ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ ère yóò wà. Èkejì ni àlétúnlé, níbi tí ojú, imú àti ọwọ́ ti ń hàn. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí yóò fi ọ̀bẹ fá ara ère kí ó lè jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, tí yóò fín ilà ojú, irun àti aṣọ sí i lára.

Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ yí igi náà fẹ́ràn igi tútù. Ẹ̀rọ yóò máa yí igi bírí bírí, oníṣẹ́ yóò sì fi irin mímú kàn án díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di abọ́.

Níbo ni a ti ń rí i lọ́fẹ̀ẹ́?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ìjì a máa jà, igi a sì máa wó. Jẹ́ kí a sọ pé igi máńgòrò ńlá kan wó dí ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà kan. Ìyá àgbà ní láti wá owó tí yóò fi bẹ oníṣẹ́ kí wọ́n gé e kúrò. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá dé ní ọjọ́ náà, tí ó ní òun yóò kó ìtì igi náà lọ, àwọn méjèèjì ni wọ́n jèrè. Bí kò bá sì sí ẹni tí ó wá, iná ni igi náà yóò bá lọ.

Igi tún máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń ṣán ilẹ̀ láti kọ́lé, àti níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ti ń gé ẹ̀ka tí ó kan wáyà. Ẹni tí ó bá mọ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ni wọn yóò ránṣẹ́ sí.

Igi ọmọ ni àwọn onílù fẹ́ràn jù láti fi gbẹ́ ìlù. Àwọn àgbà a máa sọ pé èyí tí ó hù lẹ́bàá ọ̀nà ni ó dára jù, nítorí pé ó ti gbọ́ ohùn ènìyàn, ìlù tí a bá fi ṣe yóò sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bí wọ́n bá gé irú igi bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀nà, ìpàdánù ńlá ni bí a bá sọ ọ́ di igi ìdáná.

Béèrè kí o tó mú

Igi tí ó wó ṣì ní olówó. Ẹni tí ó bá gbé e láìgbàṣẹ, olè ni. Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Báyìí ni ọmọlúàbí ṣe ń béèrè: “Ẹ kú ewu ìjì o, mà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Bí ẹ bá yọ̀ǹda fún mi, n ó kó ìtì igi yìí, n ó sì gbá gbogbo ewé rẹ̀ mọ́.” Bí ó bá gbẹ́ igi náà tán, ó yẹ kí ó mú orógùn tàbí abọ́ kan padà wá fún onígi. Ìyẹn ni yóò jẹ́ kí wọ́n rántí rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn.

Má ṣe wọ inú igbó ìjọba lọ gé igi láìgbàṣẹ, òfin kò fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìrókò àti apá fi ń dàgbà, wọn kò sì pọ̀ tó ti àtijọ́ mọ́. Igi tí ó ti wó ni kí a kọ́kọ́ lò.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ojú ibi tí a ti gé igi ni omi ti ń yára jáde jù. Bí ojú ibẹ̀ bá gbẹ, tí ó sì súnkì, nígbà tí inú ṣì tutù, igi náà yóò sán. Láti dènà èyí:

1. Gbé igi sí abẹ́ ibòòji ní ọjọ́ tí o gbà á.
2. Fi ìda tàbí ọ̀dà kun ojú méjèèjì tí a ti gé.
3. La ìtì ńlá sí méjì gba àárín gbùngbùn rẹ̀.
4. Bí ó bá jẹ́ abọ́ tí ó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, jẹ́ kí ara rẹ̀ nípọn tó 3 sẹ̀ǹtímítà. Fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Yóò wọ́ díẹ̀ bí ó ti ń gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kí a tún un yí kí ó lè rí róbótó.

Ìkìlọ̀

Bí igi bá wó lu wáyà iná, má ṣe sún mọ́ ọn rárá. Àgbàlagbà ni kí o pè. Má dúró nítòsí ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gé igi. Oje máńgòrò àti ti kajú a máa yún ènìyàn lára. Bí ó bá kàn ọ́, fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ kúrò.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

Ìtì igi: ara igi tí a ti gé ẹ̀ka kúrò lára rẹ̀.
Súnkì: kí nǹkan kéré sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.
Ìda: ohun tí a ń rí láti inú afárá oyin.

Ìbéèrè

1. Dárúkọ ọ̀nà mẹ́rin tí a pín iṣẹ́ agbẹ́gilére sí.
2. Kí ló dé tí igi tútù fi máa ń sán?
3. Èrè wo ni ìyá àgbà jẹ? Èrè wo ni gbẹ́nàgbẹ́nà jẹ?
4. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ó béèrè igi àti ẹni tí ó kàn gbé e?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Bèèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan nílé irú igi tí wọ́n fi gbẹ́ odó yín. Kọ orúkọ igi náà sínú ìwé rẹ, kí o sì sọ fún kíláàsì bí wọ́n ṣe rí i.