Ilé Ìtọ́mọ Ẹja: Koríko Abẹ́ Òkun àti Igi Ẹ̀gbà Etí Ọ̀sà Wa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ará mọ́sálásí, ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Ẹni tó bá dúró ní etí omi Ìpakòdó tàbí Báyékù yóò rí ọ̀sà tó tẹ́ lọ súà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹja kàn wà nínú omi ni, bí iyanrìn ṣe wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹja ní ibi tí ọmọ rẹ̀ ń sá pamọ́ sí títí yóò fi dàgbà, bí ibẹ̀ bá sì bàjẹ́, òfìfo ni àwọ̀n yóò máa bọ̀.

Ní àwọn ibi tí omi òkun ti mọ́ gaara, koríko ni ilé ìtọ́mọ yìí. Koríko gidi ni, ó ní gbòǹgbò, ó ní ewé, ó sì ń tanná lábẹ́ omi. Ó wà ní etíkun Sẹ̀nẹ̀gà àti Mọriténíà. Gbòǹgbò rẹ̀ ń di iyanrìn mú kí ìgbì má baà gbé e lọ, àwọn ọmọ ẹja àti edé sì ń fara pamọ́ sáàárín ewé rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, àrùn àti ìjì líle ọdún 1933 pa á run nínú àwọn ọ̀sà kan. Láti ọdún 1999 ni àwọn onímọ̀ ti ń fọ́n irúgbìn rẹ̀ padà síbẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 70 èso. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2020, koríko náà ti bo nǹkan bí éékà 9,000.

Èéṣe tí a kò fi gbin irú rẹ̀ sí Ìkòròdú? Oòrùn ni koríko yìí ń jẹ, omi wa kì í sì í jẹ́ kí oòrùn wọlé dé ìsàlẹ̀. Nígbà òjò, odò Ògùn àti Májìdun ń da omi ẹlẹ́rẹ̀ sínú ọ̀sà, iyọ̀ inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọlé, iyọ̀ á tún dé. Igi ló lè fara da irú omi bẹ́ẹ̀, òun náà sì ni a fi jíǹkí wa: igi ẹ̀gbà, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ wọ inú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn. (Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ má bínú, omi ọ̀dọ̀ yín lápá Lẹ́kí kò níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí odò Ọ̀ṣun ń wọ̀ ọ́, igi mìíràn ló pọ̀ níbẹ̀.)

Ẹ wo iṣẹ́ igi yìí. Ewé rẹ̀ ń bọ́ sínú omi, ó ń jẹrà, àwọn kòkòrò kéékèèké àti akàn ń jẹ ẹ́, ẹja sì ń jẹ àwọn wọ̀nyẹn. Ọmọ ẹpìyà àti edé á wọ àárín gbòǹgbò níbi tí ẹja ńlá kò lè gbà. Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni pé èso rẹ̀ kì í dúró dìgbà tó bá bọ́ sílẹ̀ kó tó hù: orí ìyá rẹ̀ ló ti ń hù, á gùn bí ọ̀pá, kó tó já bọ́ sínú ẹrẹ̀ tàbí kí omi gbé e lọ.

Ṣùgbọ́n igi náà ń dínkù. Iná rẹ̀ gbóná, nítorí náà a ń gé e fi yan ẹja. A ń fi iyanrìn dí etí omi láti kọ́lé, àwọn tó ń wa iyanrìn sì ń ru ẹrẹ̀ sókè. Koríko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó gba ọ̀nà Bàdágìrì wọlé ní ọdún 1984 tún ń dí ojú omi nígbà òjò. A kò dá ẹni tó ń dáná lẹ́bi. Ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n igi tó fi ń yan ẹja lónìí ni ilé ẹja ọ̀la.

Ṣé a lè gbìn ín padà? Ó ṣeé ṣe. Láàárín ọdún 2009 sí 2012, àwọn ará abúlé ní Sẹ̀nẹ̀gà gbin ẹ̀gbà sórí ilẹ̀ tó lé ní hẹ́kítà 10,000. Àmọ́ kíkó èso lọ gún sínú ẹrẹ̀ nìkan kò tó. Ibi tí omi kì í ti í fà kúrò rárá, èso á rì, á kú. Ibi tí wọ́n ti fi iyanrìn dí ojú omi, ẹ kọ́kọ́ la ọ̀nà kí omi lè máa wọlé kó sì máa jáde. Bí igi díẹ̀ bá ṣì wà nítòsí, omi fúnra rẹ̀ á gbé èso wá.

Iṣẹ́ àṣetiléwá nìyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé etí omi: ẹ bi àwọn àgbà apẹja léèrè ibi tí ẹ̀gbà wà nígbà èwe wọn, kí ẹ sì fa àwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ fi àmì sí ibi tó ṣì kù, àti ibi tí omi ṣì ń kún tó sì ń fà.